Ẹ Má Gbé Ẹyín Iná Wọ Yàrá Sùn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Ọyẹ́

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní Ìlọrin. Láàárọ̀, ètè á bó, ẹsẹ̀ á fun. Lóru, ẹni tó ní aṣọ ìbora kan á máa wá èkejì. Àsìkò yìí ni àwọn tó ti pa àdògán tì láti ìgbà òjò máa ń gbé e jáde, tí àwọn ará Ọ̀fà, Ìgbàjà àti Ọ̀mù-Àrán náà ń to igi sí ìdí ààrò. Kò sóhun tó burú nínú ká yáná. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má gbé àdògán wọ yàrá sùn. Mo fi èyí ṣíwájú torí ó ń pa èèyàn. Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé èéfín nìkan ló léwu. A ó fi èédú sílẹ̀ níta títí á fi pọ́n yòò, èéfín á tán lára rẹ̀, a ó wá gbé e wọlé, a ó ti fèrèsé, a ó sì fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹyín iná tí kò rú èéfín mọ́ yẹn ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide sílẹ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ni lójú. Tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á sì kunni. Oorun yẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn lè dìde ṣílẹ̀kùn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ń gbé yàrá kan ní Tanke, ní Ìlọrin níbí. Mo fi eérú bo ẹyín iná, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọlọ́run ló jí mi lóru. Orúnkún mi kò gbé mi, mo rá dé ẹnu ọ̀nà, èébì ni mo sì ń bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Tírú rẹ̀ bá ṣe ẹnikẹ́ni, ẹ tètè gbé e síta síbi atẹ́gùn, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun tó fà símú wà, kò sí níkùn. Ẹ yáná níta títí ara á fi móoru, ẹ fi àdògán sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wọlé lọ fi kíjìpá bora.

Àṣìṣe kejì ni kẹrosíìnì, tàbí bẹntiróòlù tó tún burú jù ú lọ, tí a ń dà sórí èédú tó ti ń jó. Iná lè tọ epo náà dé inú kẹ́ẹ̀gì tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dà á. Ìyá ìyá mi ní Ọ̀mù-Àrán kò fi kẹrosíìnì dá iná igi rí. Ìhá ẹyìn, èyí tó kù tí wọ́n bá ti fún epo tán, ló ń kì sábẹ́ igi wẹ́wẹ́. Epo díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ń jẹ́ kó jó pẹ́, kì í sì í bú gbàmù. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí àwa ń sun dípò rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Igi tútù kì í mú ooru tó pọ̀ wá, èéfín ló máa ń pọ̀ jù. Èyí tó gbẹ máa ń là lẹ́nu ibi tí wọ́n ti gé e, ó sì ń dún kókó tẹ́ ẹ bá fi gbá òmíràn. Tẹ́ ẹ bá rí igi àyìn, ẹ rà á, ẹyín iná rẹ̀ kì í tètè kú. Ẹ má kàn ki ọwọ́ bọ abẹ́ igi tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà òjò o, àkeekèé ń sá sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì fi òkúta inú odò ṣe ààrò, omi tó wà nínú rẹ̀ lè mú kó bẹ́.

Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ má gbé eérú lọ dà sí ààtàn torí pé ó ti funfun. Iná lè wà láàyè nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, koríko sì ti gbẹ báyìí. Ẹ bu omi sí i, ẹ fi igi rò ó, kẹ́ ẹ tún bu omi mìíràn sí i.