Òórùn epo nínú mọ́tò àti iná ẹ́ńjìnnì tí ò kú: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n yọ agolo èédú yẹn

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tẹ́ ẹ ń wa tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí dáadáa torí ó ń dùn mí gan-an ni. Tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, tí wọ́n síkáànù ẹ̀, tí kóòdù P0455 tàbí P0442 jáde, ìyẹn pé oru epo ń jò níbì kan, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ sọ ni pé agolo kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tí ò wúlò fún wa ní Nàìjíríà, ká yọ ọ́ dànù. Wọ́n á gé họ́ọ̀sì, wọ́n á fi rọ́bà so ó pa, wọ́n á gbowó, tó bá di ọjọ́ kejì iná á tún tàn, òórùn epo á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí agolo yẹn ń ṣe rèé. Epo bẹntiróòlù kì í dúró jẹ́ẹ́ nínú táǹkì, tóòrùn bá ti mú mọ́tò ó máa ń di oru bí omi gbígbóná ṣe ń ṣe, oru yẹn sì nílò ibi tó máa gbà. Agolo yẹn ni oru ń lọ, èédú ló kún inú ẹ̀, èédú yẹn á fa oru epo mọ́ra títí tí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, kọ̀ǹpútà á wá ṣí fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní purge valve, ẹ́ńjìnnì á sì fa oru náà jó. Fáàfù kejì, vent valve, òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé látìta. Kalifóníà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi dandan lé e fún àwọn mọ́tò 1970, ọdún tó tẹ̀ lé e ó kárí Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa sì ti Amẹ́ríkà wá, ìdí nìyẹn tó fi wà lára ti yín náà. Láti nǹkan bíi 1996 ni kọ̀ǹpútà ti ń dán gbogbo ẹ̀ wò fúnra ẹ̀, á ti vent pa, á wò ó bóyá atẹ́gùn ń jò. Ihò tí ò ju mìlímítà kan lọ ti tó kó gbé P0442 jáde, P0456 sì kéré jùyẹn lọ, ìdajì mìlímítà péré! Torí náà ẹ má retí pé ẹ máa rí epo tó ń kán sílẹ̀.

Ìdérí táǹkì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó náwó kankan. Ẹ tú u, ẹ yí rọ́bà tó wà nídìí ẹ̀ po pẹ̀lú ọwọ́, tẹ́ ẹ bá rí i tó sán wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ tó gbẹ lọ́yẹ́, tàbí tó ti le gbagidi, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde. Ẹ nu ẹnu táǹkì fúnra ẹ̀ náà, eruku pupa ọ̀nà wa máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé e padà ẹ yí i títí á fi dún kà kà kà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta epo kì í yí i délẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ta ìdérí fún yín, ẹ rí i pé ti irú mọ́tò yín gan-an ni, èyí tí wọ́n kàn fi kọ́kọ́rọ́ sí tó ń mì lẹ́nu táǹkì ò lè dá ohunkóhun dúró.

Ọ̀rọ̀ kejì ló bà mí nínú jẹ́ jù, torí ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe é. Tí nọ́sù, ìyẹn ẹnu pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń ta epo, bá ti já fúnra ẹ̀ nílé epo, táǹkì ti kún nìyẹn. A ò ní gbà, a máa ní kí wọ́n fi kún un, kí wọ́n jẹ́ kó dọ́gba, ọjọ́ tó ku ọ̀la Ojúde Ọba ẹ lọ wo ilé epo ní Ìjẹ̀bú-Òde kẹ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe ń mi mọ́tò kí epo lè wọlé sí i. Epo tó ṣàn ni ìyẹn máa tì sínú agolo, èédú ò sì wà fún epo tó ń ṣàn, oru nìkan ló lè gbé. Tó bá ti rẹ epo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn.

Màmá kan tó ń kó gààrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó gbé Sienna ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní Ṣágámù. Wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo fún wọn, wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, owó ti lọ. Mo ní "Mà, ṣé ìgbà gbogbo ni kì í ṣíná?" Wọ́n ní rárá o, tí àwọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo tán ni, àwọn ọmọ ilé epo ló máa ń bá àwọn ti mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ti yé mi níbẹ̀. Purge valve tó ṣí sílẹ̀ tí ò padé mọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, oru epo á ya wọ ẹ́ńjìnnì, kò ní ríná mú. Tó bá ṣe yín lójú ọ̀nà, ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá bẹ́ ẹ ṣe ń ṣíná, ó sábà máa ń gbà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ ṣíná, ẹ yọ họ́ọ̀sì tó ń ti agolo bọ̀ kúrò lára fáàfù yẹn, ẹ fi ìka dí ẹnu fáàfù. Tó bá ń fa ìka yín, ó ti bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu, atẹ́gùn ò gbọdọ̀ kọjá, àfi tẹ́ ẹ bá fún un níná bátìrì, nígbà yẹn á dún tá, á sì ṣí. Ti màmá yìí, mo gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi, èédú dúdú kúnná bí ẹ̀tù ló jáde. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ má pààrọ̀ fáàfù nìkan o, agolo náà ti fọ́ nínú, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ á tún ba fáàfù tuntun jẹ́ láìpẹ́.

Vent valve ní tiẹ̀, ó wà ní ṣíṣí, iná bátìrì ló ń tì í pa, òdì kejì purge ni. Ẹrẹ̀ àti eruku ló ń dí i, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ ọ̀nà oko. Tó bá dí, nọ́sù á máa já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó ra epo lítà mẹ́wàá, tẹ́ ẹ bá sì ṣí ìdérí á mí fúù. P0446 ló sábà máa ń gbé jáde.

Họ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹ wò ó láti ẹ̀yìn dé iwájú, èkúté máa ń jẹ ẹ́, rọ́bà àtijọ́ sì máa ń là. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pọ́ǹpù fọkanáísà fẹ́ atẹ́gùn sínú táǹkì láti fi wá ibi tó ń jò, ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ṣeré yẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ wá. Kò sí sìgá, kò sí iná nítòsí.

Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ má kún táǹkì, ẹ jẹ́ kó wà láàárín ìdá mẹ́rin kan sí mẹ́ta nínú mẹ́rin, torí kọ̀ǹpútà ò ní dán an wò tí epo bá kún jù tàbí tó kéré jù, mọ́tò sì gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kó tutù. Iná Sienna yẹn ò kú lọ́jọ́ tá a ṣe é, ọjọ́ kẹrin ló kú, màmá ló pè mí láti ilé epo, mọ́tò ti ṣíná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.