Ẹ Jẹ́ Kí Olú Fi Àwọ̀ Rẹ̀ Hàn Lórí Bébà

Ẹ̀yin ará, bí a ṣe ń múra láti mú àwọn èèyàn lọ wo olú lásìkò òjò yìí, mo fẹ́ dá àbá kan. Kí a tó sọ orúkọ olú kankan fún àlejò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí ó fi ń bí sí i. Ẹ gé orí olú tó ti là dáadáa kúrò lára igi rẹ̀, kí ẹ sì dojú abẹ́ rẹ̀ dé bébà tí ìdajì rẹ̀ funfun tí ìdajì kejì sì dúdú, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú funfun kì í hàn lórí bébà funfun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú kí afẹ́fẹ́ má baà tú u ká.

Olú orí ọ̀gán, tí ikán ń tọ́jú nínú ilé wọn, máa ń fi àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Chlorophyllum molybdites, olú olóró tó máa ń hù láàárín koríko, tó sì ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, àwọ̀ ewé ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́ rẹ̀ funfun nígbà tó ṣì kéré, èyí tó máa ń tan ojú jẹ. Àwọ̀ nìkan kò tó láti pe olú ní jíjẹ o. Àwọn ọmọdé ni wíwo àwọ̀ lórí bébà yìí máa ń dùn mọ́ jù, nítorí náà ẹ mú bébà tó pọ̀ dání.