Ìdí tí ẹja crappie ò fi fẹnu kan jig mi
Òwúrọ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fa jig, ìwọ̀ olórí òjé yẹn, tẹ̀ lé ọkọ̀ lórí adágún Grenada ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà. Ẹja kan ò fẹnu kàn án. Àwọ̀ jig ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, mo pààrọ̀ rẹ̀ títí ó fi sú mi. Àfi ìgbà tí mo wo okùn: ó ti nà gbọọrọ sẹ́yìn ọkọ̀, jig ti gòkè jù. Eré ọkọ̀ ló fà á! Mo dín mọ́tò kù sí nǹkan bí ìdajì máìlì ní wákàtí kan, mo so jig tó wúwo díẹ̀, okùn wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Mo jẹ́ kó wà lókè ẹja díẹ̀, torí òkè ni crappie máa ń wò fún oúnjẹ. Kò pẹ́, ṣóńṣó ọ̀pá tẹ̀ jẹ́jẹ́. Mẹ́fà ni mo gbé relé.