Nincada ni kó ṣíwájú bí ẹ bá ń wá Quick Claw

Ẹ̀yin ará Yábàá, Súrùlérè àti Ìsàlẹ̀ Èkó tí ẹ ń gbá géèmù Pokémon Emerald lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Nincada (Pokémon kòkòrò kan) sí ipò kìíní nínú ẹgbẹ́ yín kí ẹ tó máa wá ẹrù ọ̀wọ́n lára Pokémon inú igbó. Compound Eyes, agbára àbínibí tó ní, máa ń sọ àǹfààní 5% pé Pokémon igbó yóò gbé ẹrù ọ̀wọ́n dání di 20%. Ìyẹn ni pé nínú aṣálẹ̀ Route 111, bí ẹyọ kan nínú Sandshrew márùn-ún ni yóò gbé Quick Claw (ẹrù tó máa ń jẹ́ kí Pokémon kọ́kọ́ kọlù nígbà mìíràn) dání, dípò ẹyọ kan nínú ogún. Route 116 ni ẹ ti máa mú Nincada. Tó bá dé ipele 20, ẹ tẹ bọ́tìnnì B kó má baà di Ninjask, torí Ninjask ò ní Compound Eyes. Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé: bó tilẹ̀ ti dákú, agbára náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ẹ jẹ́ kó dákú, kí Pokémon kejì tó mọ Thief, ìkọlù tó ń jí ẹrù (TM46 ni ẹ fi máa kọ́ ọ, ó wà ní Oceanic Museum ní Slateport), lè jáde tààrà. Ọwọ́ ẹni yẹn gbọ́dọ̀ ṣófo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí nǹkan jí. Géèmù ti pín ẹrù kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, torí náà bí Thief bá kàn án tí kò mú nǹkan wá, ẹ sá, ẹ wá òmíràn. Nínú àwọn géèmù Pokémon ti Game Boy Advance, Emerald nìkan ló ń ṣe èyí o. Ruby, Sapphire àti FireRed ò ní in. Ní Safari Zone, kò sí ìjà, ẹ ní láti mú Pikachu fúnra rẹ̀ kí ẹ tó rí Light Ball (ẹrù ọ̀wọ́n tó máa ń gbé dání) gbà.