Ṣé Kí N Yọ Java Kúrò Lórí Kọ̀ǹpútà Mi? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Oṣù kan kì í lọ kí ẹnìkan má gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi nítorí ife kọfí kékeré kan tí ń yọjú ní igun ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, tí ń pariwo pé Java tuntun ti jáde. Àmì Java ni ife yẹn; Java fúnra rẹ̀ ni ohun tí kọ̀ǹpútà nílò kí ètò tí wọ́n fi èdè Java kọ tó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ṣé kí wọ́n gbà á ni, àbí kí wọ́n lé e dànù? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo fọ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ohun tí mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kò ju kí n ka ìròyìn, kí n fi Zoom ṣèpàdé ìjọ, kí n sì tẹ lẹ́tà lọ. Ife kọfí yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá yọ Java, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì mi kò ní kú?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, mà. Kò ní kú. Ẹ yọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tó nílò Java lórí kọ̀ǹpútà yín.

Àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà yín ní ìdí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Sun Microsystems gbé Java jáde ní 1995, ohun tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ni applet, ìyẹn ètò kékeré tí ń ṣiṣẹ́ láàárín ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Géèmù, àwòrán tí ń yí, kódà ojú ìwé báńkì mìíràn, Java ló ń gbé wọn ró. Ẹni tí kò bá ní i, àyè òfìfo ló máa rí. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni àwọn olè wá ń gbà wọlé. Ní 2012, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Flashback gba ibi tí Java ti lu wọ inú nǹkan bí 600,000 kọ̀ǹpútà Mac. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, àwọn tí ń ṣọ́ ààbò kọ̀ǹpútà fún ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé kí àwọn èèyàn pa Java nínú bíráúsà wọn, ìyẹn ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Chrome lé e jáde ní 2015, Firefox ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Oracle, tó ra Sun ní 2010, fúnra rẹ̀ gé apá yẹn kúrò nínú Java 11 ní 2018. Chrome tàbí Edge tí ẹ ń lò lónìí kò mọ Java mọ́ rárá.

Ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ Apps, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Java sí, kí ẹ tẹ Uninstall. Bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, ẹ má dá ọ̀kan sí. Tẹ́lẹ̀, tuntun lè wọlé kó má lé gbogbo ti àtijọ́ jáde, ti àtijọ́ yẹn ló sì léwu jù. FTC, àjọ tí ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn èyí kan Oracle ní 2015.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n tan JavaScript. Ṣé kì í ṣe Java tí ẹ ní ká yọ náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. JavaScript ni èdè tí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣiṣẹ́. Brendan Eich ló kọ ọ́ ní Netscape, ilé iṣẹ́ tó ṣe bíráúsà, ní 1995. LiveScript ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà nígbà tí òkìkí Java ń kàn. Inú bíráúsà ló ń gbé, ojú ìwé tó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí i kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn.

Ìbéèrè: Mo ń wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá ní Java mi ti gbó, kí n tẹ ibì kan. Mo ti tẹ̀ ẹ́ o!

Ìdáhùn: Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Bíráúsà kò lo Java mọ́, kí ni ojú ìwé fíìmù fẹ́ fi Java ṣe? Bí fáìlì kan bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ pa á rẹ́ láì ṣí i. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ yọ kọ̀ǹpútà yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ jẹ́ kí Windows Security yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ mìíràn pààrọ̀ pásíwọ̀dù báńkì àti ti ímeèlì yín. Ẹ má fi dọ̀la.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Olùkọ́ wa fún wa ní fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .jar. WinRAR ló ń ṣí i. Mo wá gba Java, mo tún tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò, fara balẹ̀. Ìṣòro méjì ló dì mọ́ra.

Fáìlì .jar ni wọ́n máa ń di ètò Java sí. Inú rẹ̀ rí bíi ti zip, fáìlì tí wọ́n di pọ̀, ìyẹn ni WinRAR, ètò tí ń tú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, fi ń sọ pé tòun ni. Fi apá ọ̀tún máàsì tẹ̀ ẹ́, yan Open with, kí o sì mú Java níbẹ̀. Má tú u.

Ní ti èkejì, bí o bá ń fi máàsì ṣí i, àṣìṣe rẹ̀ lè má hàn. Wọ inú fódà tí fáìlì náà wà, tẹ cmd sí ibi àdírẹ́sì lókè, tẹ Enter, kí o wá kọ java -jar, kí o fi orúkọ fáìlì náà tẹ̀lé e. Yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tí mo máa ń rí jù ni UnsupportedClassVersionError, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì, bíi 61.0 àti 52.0. Àkọ́kọ́ ni Java tí ètò náà ń béèrè, èkejì ni èyí tí ti kọ̀ǹpútà rẹ mọ. Yọ 44 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 61 di Java 17, 52 di Java 8. Java 8 ti jáde láti 2014, òun náà sì ni java.com fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé fún ẹni tó bá wá gba Java. O gba tuntun lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀dà tuntun ti Java àtijọ́ ni.

Lọ sí adoptium.net, gba Temurin, Java mìíràn tí kì í ṣe láti ọwọ́ Oracle, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá èyí tí ètò náà ń béèrè mu. Ọ̀fẹ́ ni. Mú JDK, èyí tí a fi ń kọ ètò Java, má mú JRE, èyí tó kàn ń jẹ́ kí ètò ṣiṣẹ́, torí inú JDK ni javac, ohun tí ń sọ kóòdù Java di ètò, tí ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ kíláàsì wà. Tó o bá fi sí i tán, kọ java -version. Bí ó bá ṣì pe Java 8, ti àtijọ́ ló dúró níwájú, yọ ọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń ṣeré géèmù Minecraft Java Edition. Ṣé tèmi kò gbọ́dọ̀ yọ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ lè yọ ọ́, sà. Minecraft gbé Java tirẹ̀ dání, kò bá tiyín da nǹkan pọ̀. Àfi bí ọmọ bá fẹ́ dá sáfà tirẹ̀ sílẹ̀, ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè wá bá a ṣeré, ni yóò nílò Java lọ́tọ̀: láti Minecraft 1.18, ó kéré tán Java 17, láti 1.20.5, ó kéré tán Java 21.

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù. Ètò tí a fi ń ṣírò ọjà ń lo Java. Wọ́n ní Oracle ti ń gbowó. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Láti oṣù kẹrin 2019, Java 8 tuntun láti ọwọ́ Oracle jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlò ara ẹni. Ẹni tó ń fi ṣòwò ní láti sanwó. Temurin kò gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ṣe ètò náà nọ́ńbà Java tó ń lò, ẹ da àkọsílẹ̀ ọjà yín kọ sí fíláàṣì, kí ẹ wá dán Temurin wò lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kí ẹ tó kan àwọn tó kù. Ìwọ̀nba ẹ̀yin tí ẹ nílò rẹ̀ ni mo ń bẹ̀ pé kí ẹ máa gba èyí tó bá jáde: oṣù kìn-ín-ní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá ni àtúnṣe ààbò máa ń dé.