Ẹ má tíì ra fúẹ̀lì pọ́ǹpù tuntun, ẹ kọ́kọ́ yẹ píkọ́ọ̀pù yín wò báyìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù jẹun lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìtóìkín yìí, ẹ jọ̀ọ́, tí mọ́tò bá kọ̀ tí ò stáátì, ẹ má sáré lọ ra fúẹ̀lì pọ́ǹpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti epo láti tánkì lọ sí ẹ́ńjìnnì. Mo ti ṣe é rí, owó mi wọgbó. Ìdájí ni, ẹja tí mo kó lọ́jà Olúwo wà lẹ́yìn mọ́tò, yìnyín ti ń yọ́, omi ẹ̀ ń kán tótó sílẹ̀, mẹkáníìkì tí mo pè kàn gbé etí sí tánkì ó ní pọ́ǹpù ti kú. Mo ra òmíràn, a sọ tánkì kalẹ̀, a gbé e wọ̀, kò dáhùn. Rìwáyà kan ló wá fa kọ́nẹ́kítọ̀ orí tánkì yọ, ẹsẹ̀ irin kan nínú ẹ̀ ti jó dúdú, rọ́bà tó yí i ká ti yọ́ bí àbẹ́là. Wáyà ni o, pọ́ǹpù ò ṣe nǹkan kan. Ìdajì ẹja yẹn la rí tà.

Ẹ jẹ́ n mú ti bẹntiróòlù ṣíwájú. Èyí tó ní injector, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, inú tánkì ni pọ́ǹpù ẹ̀ ń gbé, iná bátìrì ló ń lò. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì stáátì, kí ẹnì kan gbé etí sí ẹnu tánkì, ó yẹ kó gbọ́ ùnnnn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó dákẹ́. Àwọn Toyota kan wà tí kì í ké àfi tẹ́ ẹ bá ń stáátì ẹ, torí náà ẹ stáátì ẹ náà kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti kú.

Tó bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ wo fíúsì, lẹ́yìn náà relay, ìyẹn swíìṣì kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí pọ́ǹpù. Relay pọ́ǹpù sábà máa ń jọ ti họ́ọ̀nù, tí nọ́ńbà ara wọn bá bára mu ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì wò. Tí ò bá tún dáhùn, ẹ yọ kọ́nẹ́kítọ̀ orí tánkì, ẹ fi wáyà gígùn so gílóòbù iná iwájú mọ́ ọn kí gílóòbù jìnnà sí epo, ẹ so ó tán kẹ́ ẹ tó ṣí kọ́kọ́rọ́ kó má ṣẹ́ná nítòsí tánkì. Tó bá tàn kedere nígbà tí wọ́n ń stáátì, iná ń débẹ̀, pọ́ǹpù ló kú lóòótọ́. Tó bá tàn bàìbàì bí àtùpà tí epo ẹ̀ fẹ́ tán, wáyà tàbí earth (wáyà tó so mọ́ irin ara mọ́tò) ló ń jẹ iná. Ẹ má gbára lé mítà nìkan o, ó lè ka 12 volt lórí wáyà tó ti jẹrà torí pé iná tí mítà ń fà ò tó nǹkan.

Ẹ lè fi igi gbá ìdí tánkì jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń stáátì, tó bá dìde, ẹ wà á lọ tààrà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má fi kó ẹrù lọ Ìkòròdú.

Pọ́ǹpù tó ń ké àmọ́ tí ò lágbára ló máa ń dààmú èèyàn jù. Mọ́tò á dáa láàárọ̀, tó bá gbé ẹrù tó gbóná tán á máa jẹ́ẹ̀kì, á kú, ẹ sinmi ìdajì wákàtí á tún stáátì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi géèjì wọn pressure ẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń ti epo, ọ̀pọ̀ máa ń wà láàárín 40 sí 50 psi (òṣùwọ̀n pressure), ẹ wo ti mọ́tò yín gan-an nínú ìwé ẹ̀. Tí ò bá tó, fílítà àti àwọ̀n kékeré ìdí pọ́ǹpù lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n lè ti dí. Kẹ́ ẹ tó tú páìpù kankan, ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra ẹ̀, ẹ yọ orí bátìrì, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ wà, kò sí sìgá, kò sí jẹnẹrétọ̀ nítòsí.

Lára ohun tó ń pa pọ́ǹpù bẹntiróòlù ni àìsí epo tó pọ̀ nínú tánkì, torí epo yẹn náà ló ń tù ú lára. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀pọ̀ wa ló ń ra díẹ̀díẹ̀, iná epo á máa tàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, mo mọ bí ọjà ṣe rí, àmọ́ pọ́ǹpù ló ń jìyà ẹ̀. Ẹ gbìyànjú kó má dín sí ìdámẹ́rin tánkì.

Ti dísù yàtọ̀. Hilux àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì bíi 2L, 3L àti 5L, ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù wọn, òun fúnra ẹ̀ ló ń fa dísù wá láti tánkì, afẹ́fẹ́ sì ni ọ̀tá ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àràárọ̀ lẹ ń fọwọ́ tẹ primer, ìyẹn pọ́ǹpù kékeré orí fílítà, kó tó stáátì, afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi rọ́bà funfun tó mọ́ gaara rọ́pò èyí tó wọ pọ́ǹpù, màá stáátì ẹ, màá tẹjú mọ́ ọn. Tí dísù bá ń lọ geere bí oyin, kò síṣòro. Tó bá ń hó wẹ́wẹ́, tí ìfóòfó ń sáré tẹ̀lé ara wọn, ẹ tọ ọ̀nà rọ́bà padà sẹ́yìn, klíìpù, orí fílítà, primer, títí dé tánkì. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lè má jò síta rárá, ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ṣí kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ò gbọ́ kó dún "tó" lára pọ́ǹpù, ẹ wò bóyá iná ń dé solenoid, ìyẹn ohun tó ń fi iná ṣí ọ̀nà dísù, wáyà kan ṣoṣo ló ní.

Àwọn D-4D, ìyẹn ẹ́ńjìnnì dísù Toyota, tó ní common rail (páìpù kan tó ń kó dísù tó lágbára jọ fún gbogbo injector), ẹ má tú páìpù irin tó lọ sí injector nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láé! Agbára dísù inú ẹ̀ lè ju 1,000 bar (òṣùwọ̀n pressure mìíràn) lọ, ó lè gún awọ wọlé, kí ojú ẹ̀ má ju ti abẹ́rẹ́ lọ kí ọwọ́ sì bàjẹ́, tó bá ṣẹlẹ̀ ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní scanner, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà mọ́tò sọ̀rọ̀, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, kẹ́ ẹ sì ní kó yẹ SCV ara pọ́ǹpù (fáàfù tó ń díwọ̀n dísù tó ń wọlé) wò kó tó ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ odidi pọ́ǹpù.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù sí dísù, dísù yẹn náà ni òróró àwọn irin inú pọ́ǹpù. Epo inú kẹ́ẹ̀gì, ẹ bu díẹ̀ sínú ike tó mọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ ìdajì wákàtí, tí omi bá wà níbẹ̀ á sàlẹ̀. Nọ́ọ̀tù kékeré wà lábẹ́ fílítà dísù, lásìkò òjò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń tú u láàárọ̀ kí n tó stáátì, màá gbé ike sábẹ́ ẹ̀, omi ló máa kọ́kọ́ jáde, tí dísù nìkan bá ti ń bọ̀ màá dè é padà, màá tẹ primer títí á fi le lábẹ́ ọwọ́.