Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ẹgbẹ́ Àpótí Sílẹ̀ De Ìgbà Ọ̀wọ́n Oúnjẹ

Nínú èsúsú, tí ebi bá wọlé kí ó tó kàn ọ́, wàá dúró. Ti ẹgbẹ́ àpótí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi owó pamọ́ pọ̀ sínú àpótí kan, kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó nílò owó lè yá a nínú rẹ̀. Lọ́dún 1991 ni CARE, àjọ aṣèrànwọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger.

Ẹ kó èèyàn 15 sí 25 jọ, àwọn tó mọ ìwà ara wọn. Ẹ yan alága, akọ̀wé, olùtọ́jú àpótí àti olùkàwó méjì. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe àpótí irin olójú àgádágodo mẹ́ta. Ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe olóyè ni kó pín kọ́kọ́rọ́ mú. Olùtọ́jú àpótí kò gbọdọ̀ ní ìkankan. Ibí ni ẹgbẹ́ ti máa ń bàjẹ́: wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún alága torí ọ̀wọ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ má kó kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ìpín ni a ń pe ìwọ̀n owó ìpamọ́ kan. Ẹ dá iye ìpín kan, ká ní náírà 500. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí kálukú ra ìpín 1 sí 5. Òǹtẹ̀ kan nínú ìwé rẹ̀ fún ìpín kan; ẹni tí kò kàwé náà á lè ka òǹtẹ̀ rẹ̀. Ẹ ka owó lójú gbogbo èèyàn, kí gbogbo yín há iye tó kù sórí. Nípàdé tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ́kọ́ pe iye yẹn kí ẹ tó ka owó inú àpótí. Owó àìsàn àti òkú, àpò ọ̀tọ̀ ni, kò gbọdọ̀ ní èlé.

Ẹ̀yáwó kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí onítọ̀hún ti fi pamọ́, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ. Inú àpótí ni èlé ń padà sí.

Tí ọdún ẹgbẹ́ bá parí, ẹ ó pín gbogbo owó ìpamọ́ àti èlé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń pín owó ní Disẹ́ńbà, aṣọ ọdún sì ń gbé e lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Máàṣì ló dáa jù nílẹ̀ Yorùbá: òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, èèyàn nílò irúgbìn, iṣu inú abà sì ti ń tán lọ. Nítorí náà, oṣù Épírì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo gbèsè sì wọlé kí Fẹ́búárì tó parí.

Bí ìpín gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀ bá jẹ́ 1,600, owó rẹ̀ jẹ́ náírà 800,000. Bí èlé bá jẹ́ 96,000, ẹ pín 896,000 sọ́nà 1,600: ìpín kan di 560. Ẹni tó ní ìpín 80 á gba 44,800. Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni kí ẹ pín in, kí kálukú lè ra irúgbìn àti èlùbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí owó má bàa sùn sílé.